Àjókù Inú Ìléru: Wíwọn Ìpín Ísótópù Nínú Àwọn Èròjà Tí Kì í Tètè Jóná, Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Gámálìn Nínú Oko Kòkó

Ìfáàrà

Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nígbà tí kòkó jẹ́ òpómúléró ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn oògùn apakòkòrò tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sí oko ni Gammalin 20, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí gámálìn. Àwọn kòkòrò tí ń fa omi ara ẹ̀ka àti èso kòkó mu ni wọ́n ń torí rẹ̀ fín in. Nígbà tó yá, oògùn náà kúrò lóko, ó dé odò, nítorí àwọn kan ń dà á sómi láti fi pa ẹja tà, ìwà tí kò ní orúkọ mìíràn ju ìkà lọ. Líńdéènì ni èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Michael Faraday ni ó kọ́kọ́ pèsè irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní 1825. Láti ara orúkọ Teunis van der Linden, tí ó ya ẹ̀yà rẹ̀ yìí sọ́tọ̀ ní 1912, ni wọ́n sì ti fún un lórúkọ. Ní 2009, wọ́n fi líńdéènì kún àwọn kẹ́míkà tí Àdéhùn Stockholm ní kí àwọn orílẹ̀-èdè jáwọ́ nínú ṣíṣe àti lílò wọn.

Òfin tó dá oògùn dúró kò kó èyí tó ti wọlẹ̀ kúrò. Bí a bá bu ilẹ̀ oko àtijọ́ kan wò lónìí, tí líńdéènì inú rẹ̀ kò sì tó bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́, níbo ni ìyókù gbà? Ó lè jẹ́ pé bakitéríà inú ilẹ̀ ti tú u palẹ̀ di ohun mìíràn. Ó sì lè jẹ́ pé òjò ni ó wọ́ ọ lọ sínú odò, tí ó sì gba ibẹ̀ dé inú kànga ẹlòmíràn. Fún ẹni tí ń pọn omi kànga náà mu, ìdáhùn méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Wíwọn iye oògùn tó ṣẹ́kù kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Wíwọn ìpín ísótópù kábọ́nù inú rẹ̀ lè ṣe é, bí a bá wọ̀n ọ́n bí ó ti yẹ. Ibi tí ìṣòro wà nìyẹn: kí a tó lè wọ̀n ọ́n, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó o, bẹ́ẹ̀ ni irú èròjà yìí kì í jó bọ̀rọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe kàyéfì pé kí ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ń wá nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá yóò rántí iṣẹ́ àdánwò tí Babatunde Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà. Èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 gbájú mọ́ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Iṣẹ́ ṣì kù tí ó yẹ kí a ṣe kí èdè náà tó dé yàrá àyẹ̀wò.

Ísótópù àti òṣùwọ̀n rẹ̀

Púrótọ́ọ̀nù mẹ́fà ni ó wà nínú átọ́ọ̀mù kábọ́nù kọ̀ọ̀kan. Òun ni ó sọ ọ́ di kábọ́nù. Iye níútírọ́ọ̀nù tó bá wọn gbé ni kò dọ́gba. Mẹ́fà ni ó wà nínú èyí tó pọ̀ jù, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 12. Méje ni ó wà nínú àwọn mìíràn, àpapọ̀ tiwọn sì jẹ́ 13. Nínú kábọ́nù ayé yìí, nǹkan bí 98.9 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ kábọ́nù-12, nǹkan bí 1.1 sì jẹ́ kábọ́nù-13. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìwúwo ni ó yà wọ́n. Frederick Soddy ni ó mú orúkọ náà, ísótópù, wọ inú ìwé ìmọ̀ ní 1913, Margaret Todd tí í ṣe oníṣègùn ọmọ Scotland sì ni ó bá a ronú kan orúkọ ọ̀hún, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ipò kan náà. Kábọ́nù-14, tí a fi ń mọ ọjọ́ orí ohun àtijọ́, a máa yí padà fúnra rẹ̀ di nǹkan mìíràn bí ọdún ti ń gorí ọdún. Kábọ́nù-12 àti kábọ́nù-13 kì í yí padà bẹ́ẹ̀, èyí ni a fi ń pè wọ́n ní ísótópù adúróṣinṣin.

Ní ọjà, kò sí ẹni tí ń ka hóró ìrẹsì. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bákan náà, kò sí ẹni tí ń ka átọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ń ṣe ni kí a fi ìpín kábọ́nù-13 sí kábọ́nù-12 inú ohun kan wé ti òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, kí a sì sọ ìyàtọ̀ wọn ní ìdá nínú ẹgbẹ̀rún, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ ‰. Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ jẹ́ ẹran omi ayé àtijọ́ kan tó ti di òkúta, tí wọ́n wà jáde ní agbègbè Peedee ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n lo òkúta náà títí ó fi tán. Àjọ àgbáyé tó ń mójú tó agbára átọ́ọ̀mù ní ìlú Vienna wá fi òṣùwọ̀n VPDB rọ́pò rẹ̀, tí ó jẹ́ pé àwọn òkúta mìíràn tí a ti fún ní iye pàtó ni a fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, LSVEC, gba iye −46.6‰ ní 2006, ṣùgbọ́n nígbà tó yá àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí pé ó ń fa kábọ́nù inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, iye rẹ̀ sì ń yẹ̀. Wọn kò gbà á nímọ̀ràn mọ́ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá ti rí kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún gbogbo ẹni tó ti fi í wọn ọjà lọ.

Iṣu, gbáàgúdá, ẹ̀wà àti kòkó máa ń wà ní àyíká −27‰. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké wà ní àyíká −12‰, nítorí ọ̀nà tí ewé wọn ń gbà kó kábọ́nù láti inú afẹ́fẹ́ yàtọ̀. Nípa èyí ni a ṣe ń mọ oyin tí wọ́n ti fi ṣúgà ìrèké lú. Bí àwọn iye wọ̀nyí ṣe rí lójú, ohun tó wà lẹ́yìn wọn kéré gan-an. Nínú mílíọ̀nù kan átọ́ọ̀mù kábọ́nù, òṣùwọ̀n VPDB ní nǹkan bí 11,060 kábọ́nù-13. Ohun tó bá wà ní −27‰ ní nǹkan bí 10,760. Ìyàtọ̀ 1‰ péré kò ju átọ́ọ̀mù 11 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Iṣẹ́ tí kò gba àṣìṣe ni.

Ohun tí bakitéríà ń fi sílẹ̀

Kábọ́nù mẹ́fà, háídírójìn mẹ́fà àti kílóríìnì mẹ́fà ni ó para pọ̀ di líńdéènì. Bí bakitéríà bá ń tú u, ìdè tó so kábọ́nù mọ́ kílóríìnì ni ó ń já. Ìdè tó ní kábọ́nù-12 a máa tètè já díẹ̀ ju èyí tó ní kábọ́nù-13 lọ. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni tí ń jọ gàrí: èyí tó kúnná ni ó ń kọ́kọ́ jábọ́, èyí tó ṣe gbàǹgbà ni ó ń pẹ́ lórí asẹ́. Nítorí náà, bí líńdéènì inú ilẹ̀ ṣe ń dínkù lọ́wọ́ bakitéríà ni ìyókù rẹ̀ ń ní kábọ́nù-13 sí i ní ìpín. Òjò kì í yan ọ̀kan fẹ́ ju èkejì lọ. Bí òjò bá wọ́ oògùn lọ, ìpín ísótópù inú ìyókù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà.

A lè ṣírò rẹ̀. Ká ní ìyàtọ̀ tí bakitéríà ń ṣe láàárín ísótópù méjèèjì jẹ́ 3‰. Nígbà tí ìdajì oògùn bá ti tú palẹ̀, ìyókù yóò ti fi nǹkan bí 2‰ gòkè. Gbogbo ẹ̀rí tí a ní pé ilẹ̀ ń wo ara rẹ̀ sàn kò ju 2‰ yìí lọ. Bí àṣìṣe tó tó bẹ́ẹ̀ bá ti inú ìléru wá, ẹ̀rí náà ti bọ́.

Nínú ìléru

Ẹ̀rọ tí ń fi ìwúwo ya ísótópù sọ́tọ̀, tí iṣẹ́ yìí yóò máa pè ní ẹ̀rọ ayàwúwo, kò lè gba líńdéènì wọlé bí ó ti wà kí ó sì wọn ìpín rẹ̀ dáadáa. Afẹ́fẹ́ kábọ́nù ọlọ́síjìn-méjì ni ó ń gbà. Ó ń wo ìwúwo 44, 45 àti 46: 44 jẹ́ ti kábọ́nù-12, 45 jẹ́ ti kábọ́nù-13 ní pàtàkì, 46 sì wà fún àtúnṣe, nítorí ọ́síjìn pẹ̀lú ní àwọn ísótópù tirẹ̀ tí wọ́n lè dà bí kábọ́nù-13 lójú ẹ̀rọ. Gbogbo kábọ́nù tó wà nínú èròjà náà ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di afẹ́fẹ́ yìí.

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí a fi èròjà àti bàbà tó ti gba ọ́síjìn sínú ọ̀pá gíláàsì kúwátísì, kí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí a fi iná dí ẹnu rẹ̀, kí a sì sun ún fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní 850 sí 900 °C. Ó ń gba àkókò, ó sì ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n àkókò yẹn gan-an ni àǹfààní rẹ̀: ohun tó le ní ààyè láti jó tán. Ọ̀nà kejì yára. Wọ́n á di èròjà sínú agolo tánńganran kékeré, wọ́n á jù ú sínú ìléru tó gbóná tó 1,020 °C pẹ̀lú ọ́síjìn. Tánńganran náà á gbiná, ooru ojú ibẹ̀ á sì ga sí nǹkan bí 1,800 °C fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Fún ilẹ̀ oko, níbi tí líńdéènì ti dàpọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún nǹkan mìíràn, ọ̀nà kẹta ni ó yẹ. Ẹ̀rọ kan á kọ́kọ́ ya àwọn èròjà àdàlù náà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ hílíọ́ọ̀mù á sì máa gbé wọn kọjá nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn bàbà, níkẹ̀lì àti pílátínọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, ní nǹkan bí 1,000 °C. Kò sí ọ́síjìn tí ń fẹ́ wọlé níbẹ̀ lásìkò iṣẹ́. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara okùn náà ni wọ́n ń ná, bí ó bá sì tán, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un fi sí i. Ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ni èròjà ní láti fi jó kí ó tó jáde ní òdìkejì.

Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó ya àwọn ipele yìí sọ́tọ̀ tipẹ́. Ohun kan lè jó, ó lè jóná, ó lè jó tán. Èyí tí iná sì fi sílẹ̀ ni à ń pè ní àjókù. Àwọn tí ń sun èédú mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á to igi, wọ́n á fi ewé àti erùpẹ̀ bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà pọ̀ lára rẹ̀, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá tó, eérú ni wọn yóò bá. Èédú ni kábọ́nù tí kò rí ọ́síjìn tó. Ohun tí alásun-èédú ń wá tọkàntọkàn ni onísáyẹ́ǹsì ń sá fún.

Gámálìn ń fa wàhálà tirẹ̀ nínú ọ̀pá yìí. Nínú líńdéènì àìlábùlà, kílóríìnì ni 73 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Kílóríìnì tó já kúrò a máa gbá bàbà mú, wọ́n á para pọ̀ di èròjà tí ń yọ́ ní nǹkan bí 430 °C. Èyí á bá ooru lọ, á sì dì sí ibi tó tutù lẹ́nu ọ̀pá. Bàbà tó yẹ kó pèsè ọ́síjìn ń lọ sófò bẹ́ẹ̀. Fún ìdí èyí ni wọ́n ṣe ń fi òwú fàdákà sí ọ̀nà láti gba kílóríìnì mú. Fúlóríìnì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára tí ó ń gbà láti já ìdè kábọ́nù mọ́ fúlóríìnì tó nǹkan bí 485 kílójúùlù fún móòlù kan, nígbà tí ti kílóríìnì kò ju nǹkan bí 330. Kábọ́nù tó bá gbá fúlóríìnì mẹ́rin mú lè gba inú iná kọjá láìjó, èyí tó bá sì já nínú fúlóríìnì náà a máa jẹ gíláàsì kúwátísì. Àwọn èròjà tó ní náítírójìn ní ẹ̀tàn tiwọn: afẹ́fẹ́ kan tí náítírójìn méjì àti ọ́síjìn kan dá sílẹ̀ ní ìwúwo 44 gẹ́lẹ́, ẹ̀rọ ayàwúwo yóò sì kà á mọ́ kábọ́nù bí wọn kò bá yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí iná kò jó o tán

Àjókù inú ìléru lè jẹ́ dúdú bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ó lè jẹ́ kábọ́nù ọlọ́síjìn-kan, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí kì í rùn inú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ń pa àwọn ènìyàn nínú yàrá. Ó lè jẹ́ mítéènì, tí òun pàápàá ń fẹ́ ooru gíga kí ó tó jó. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ̀rọ kò kà á, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó sọnù kì í sábà jọ ohun tó jó. Kábọ́nù-12 ni iná sábà máa ń tètè mú, gẹ́gẹ́ bí bakitéríà ti ń ṣe. Afẹ́fẹ́ tó dé inú ẹ̀rọ yóò fúyẹ́ ju èròjà gan-an lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìṣírò. Bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ́nù bá di àjókù, tí ìyàtọ̀ tí iná ń ṣe láàárín ísótópù méjèèjì sì jẹ́ 6‰, iye tí ẹ̀rọ yóò sọ yóò fi nǹkan bí 2‰ relẹ̀ ju òtítọ́ lọ. Iye tí ìdajì oògùn tó tú palẹ̀ fi gòkè gẹ́lẹ́ nìyí. Ilẹ̀ tí bakitéríà ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ yóò wá dà bí ilẹ̀ tí òjò kàn wọ́ oògùn kúrò nínú rẹ̀. Ó sì lè yí sí òdìkejì: dúdú tó ṣẹ́kù láti ara èròjà àná, tí kábọ́nù-13 ti pọ̀ nínú rẹ̀, lè jó mọ́ ti òní, kí iye òní sì ga láìnídìí. Ẹni tó bá rí i lè kéde pé kànga kò léwu.

Èyí tó tún burú ni pé ẹ̀rọ lè tún àṣìṣe náà sọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láìyẹ̀. Bí ìléru kan bá ń fi 15 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ nígbà gbogbo, gbogbo iye tó jáde yóò bá ara wọn mu. Ó yẹ kí olùkọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín. Ìbáramu ni kí iye tí a wọ̀n léraléra jọ ara wọn; ìpéye ni kí wọ́n jọ òtítọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí ẹnì kan kọ́ ní ohun tí wọn yóò sọ lè bára mu ní kóòtù, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ wọn má péye.

Òṣùwọ̀n tó le bí ohun tí a ń wọ̀n

Ọ̀nà kan láti mú àjókù jáde ni kí a ka kábọ́nù tó dé. Líńdéènì àìlábùlà ní kábọ́nù 24.8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Mílígíráàmù kan gbọ́dọ̀ mú mílígíráàmù 0.248 kábọ́nù wá. Bí ó bá jẹ́ 0.21 ni ẹ̀rọ rí, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún wà ní ibì kan tí ẹ̀rọ kò rí. Ó yani lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ ìpín ísótópù sílẹ̀ láìwo ìṣírò kékeré yìí. A tún lè fi agolo òfìfo tẹ̀ lé èròjà tó le: bí afẹ́fẹ́ kábọ́nù bá jáde láti inú agolo tí kò ní nǹkan kan ju bí agolo òfìfo ti máa ń mú wá lọ, àjókù ti wà nínú ìléru nìyẹn. A sì lè jó díẹ̀, kí a jó púpọ̀. Iye tó bá ń yí padà bí ẹrù ti ń pọ̀ sí i ń fi hàn pé ọ́síjìn kò ká a mọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni irú òṣùwọ̀n tí a lò. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò máa ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́nù ọlọ́síjìn-méjì láti inú sílíńdà tààrà sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fi ti èròjà wé e. Afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kò gba inú ìléru kọjá rárá; kò lè jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Ní 2001, Werner àti Brand kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ìtọ́jú kan náà ni ó yẹ kí èròjà àti òṣùwọ̀n gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀, kò tó kí òṣùwọ̀n kàn gba inú ìléru kọjá. Ṣúgà àti òróró a máa jó tán wẹ́rẹ́ níbi tí líńdéènì ti fi àjókù sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ṣúgà ṣe òṣùwọ̀n líńdéènì yóò rò pé ìléru òun dára, nítorí kò bi ìléru ní ìbéèrè tó le.

Nítorí náà, líńdéènì gan-an, tàbí èròjà tí kílóríìnì pọ̀ nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni ó yẹ kó jẹ́ òṣùwọ̀n. A óò kọ́kọ́ sun díẹ̀ nínú rẹ̀ nínú ọ̀pá kúwátísì fún wákàtí púpọ̀, kí a mọ iye rẹ̀ tòótọ́, lẹ́yìn náà ni a óò máa fi í sáàárín àwọn èròjà oko nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Méjì sàn ju ẹyọ kan lọ, kí ọ̀kan wà lókè kí èkejì wà nísàlẹ̀ iye tí à ń retí. Ọjọ́ tí iye òṣùwọ̀n bá yẹ̀ ni ọjọ́ tí okùn bàbà ti rẹ̀. Kí a dá iṣẹ́ dúró, kí a tún ọ́síjìn fi sí i, kí a má sì ka iye oko tí a wọ̀n lẹ́yìn òṣùwọ̀n tó péye gbẹ̀yìn.

Fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí kò ní ìléru lè fi gàrí kọ́ni. Kí ó pín kóńgò gàrí kan náà, tí kò tíì gba inú asẹ́ kọjá, fún ẹgbẹ́ mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jọ tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, kí wọ́n sì ṣàpèjúwe gbogbo gàrí náà láti ara èyí tó jábọ́. Ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sọ pé gàrí náà kúnná dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé òṣùwọ̀n síwájú wọn, kí wọ́n wọn èyí tó jábọ́, kí wọ́n fi wé iye tí ó kó fún wọn, kí ó sì bi wọ́n léèrè ibi tí ìyókù wà.